Ṣọ́ọ̀kì Lórí Àtẹ́rígbà: Àwọn Ọmọdé Tó Ń Gbé Ìbùkún Dé Ojúlé

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí àti àwọn olùkọ́ ọmọdé sọ ní gbọ̀ngàn ìjọ wa ní Ìbàdàn, ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Àjọ̀dún Ìfarahàn Olúwa, ọjọ́ kẹfà oṣù kìn-ín-ní tí a ń rántí bí àwọn amòye ṣe wá kí Jésù.)

Fádà wa, mo kí yín o. Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ọyẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní kárọ́ọ̀lù láti oṣù kọkànlá, ẹ kú làálàá. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ jókòó sórí ẹní níwájú yìí, ṣé dáadáa lẹ wà? Ẹ kú ọdún. Ọdún á yabo fún gbogbo wa.

Kí n tó la ẹnu ọ̀rọ̀, mo fẹ́ bi yín léèrè. Nígbà tí ẹ wà ní kékeré, tí ọjọ́ Kérésìmesì bá pé, kí lẹ máa ń lọ ṣe ní ojúlé onílé? Mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn yẹn: ìrẹsì! Bẹ́ẹ̀ ni, ìrẹsì ni. Aṣọ tuntun lọ́rùn, bàtà tuntun tó ń ta ẹsẹ̀, awò oníke lójú, a ó máa ti ojúlé bọ́ sí ojúlé. Obìnrin á kúnlẹ̀, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú ọdún, mà." Wọn á bu ìrẹsì fún wa, wọn á fún wa lówó, wọn á gbé ọwọ́ lé wa lórí: "Ẹ ó dàgbà, ẹ ó dògbó, ẹ ó ṣe ọ̀pọ̀ ọdún láyé." Àgbà ló ń wúre, ọmọdé ló ń ṣe àmín. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, mi ò sì rí àléébù kankan níbẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti yí i padà ni mo fẹ́ mú yín lọ lónìí. Níbẹ̀, ọmọdé ló ń lọ wúre fún àgbà. Ọmọdé ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń ní kí Kristi bùkún ilé yìí, àgbà ló ń ṣe àmín. Owó tí wọ́n bá sì fún ọmọ náà, kì í ṣe tirẹ̀. Ọmọ mìíràn tí kò rí rí, ní ilẹ̀ tí kò dé rí, ló ni ín.

Sternsinger ni wọ́n ń pè wọ́n ní Jámánì àti ní Ọ́stríà. Ní èdè tiwa, ẹ jẹ́ ká máa pè wọ́n ní Olórin Ìràwọ̀.

Ọba mẹ́ta tí mi ò ṣílẹ̀kùn fún

Ojú ilẹ̀kùn tèmi ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú Köln ní Jámánì ni èmi àti ìdílé mi gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún tí a kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìn-ín-ní, ẹnì kan tẹ aago ilẹ̀kùn wa. Mo fojú sí ihò kékeré tó wà lára ilẹ̀kùn, mo rí ọmọdé mẹ́rin. Adé páálí aláwọ̀ wúrà wà lórí mẹ́ta nínú wọn, ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ tó ń wọ́lẹ̀ sì bo kóòtù òtútù tí wọ́n wọ̀. Yìnyín ti rin ìṣẹ́tí ẹ̀wù náà gbindin. Ẹnì kẹrin gbé ọ̀pá gígùn kan, ìràwọ̀ ńlá wà lórí ọ̀pá náà. Ọ̀kan nínú wọn gbá agolo kan mọ́ra, wọ́n lu ihò owó sí ìdérí rẹ̀.

Mo ní alágbe ni wọ́n. Mi ò gbọ́ èdè wọn nígbà náà, ọkọ mi sì ti lọ síbi iṣẹ́. Mo rọra fi ẹ̀yìn rìn kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mi ò ṣí i.

Nígbà tí mo jáde lọ́sàn-án, mo rí i pé wọ́n ti fi ohun funfun kọ̀wé sókè ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé tó kọjú sí wa. Ẹnu ọ̀nà tèmi nìkan ni kò sí nǹkan kan. Obìnrin tó ń gbé ilé kejì ló ṣàlàyé fún mi, ó ń fi ọwọ́ sọ díẹ̀, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ díẹ̀: ọba mẹ́ta ló wá kí mi, mi ò dá wọn lóhùn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Èmi tí wọ́n bí síbi tí a ti ń fi omi tútù pàdé àlejò! Èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọdé ní ìtàn àwọn amòye láti ìgbà ọ̀dọ́ mi! Àwọn amòye wá kan ilẹ̀kùn mi, mo fi wọ́n sílẹ̀ sínú òtútù. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tọ ipasẹ̀ wọn.

Ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá

Kí ni Bíbélì sọ? Ẹ ṣí Ìyìn Rere Mátíù, orí kejì. Ó ní àwọn amòye kan ti ìhà ìlà-oòrùn wá sí Jerúsálẹ́mù. Ṣé ó ní mẹ́ta ni wọ́n? Rárá. Ṣé ó ní ọba ni wọ́n? Rárá. Ṣé ó dárúkọ wọn? Rárá o. Ẹ̀bùn ló kà fún wa: wúrà, tùràrí àti òjíá. Nítorí pé ẹ̀bùn jẹ́ mẹ́ta ni àwọn Krìstẹ́nì àtijọ́ fi gbà pé ẹni mẹ́ta ló gbé e wá. Sáàmù 72 tó ní àwọn ọba Ṣébà àti Sébà yóò mú ẹ̀bùn wá ló sì fi adé lé wọn lórí. Orúkọ wọn tún pẹ́ kó tó dé. Kaspar, Melchior àti Balthasar: bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n ní Jámánì nìyẹn.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nínú Mátíù tí a máa ń fò kọjá. Nígbà tí àwọn amòye dé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, Mátíù kò ní wọ́n wọ ibùjẹ ẹran. Ó ní wọ́n wọ ilé. Ilé! Wọ́n rí ọmọ náà pẹ̀lú Màríà ìyá rẹ̀ nínú ilé. Ẹni tó bá ń wá orísun àṣà tí mo ń sọ yìí, kó má lọ jìnnà. Àlejò tó ti ọ̀nà jíjìn wá, tó kan ilẹ̀kùn, tó wọlé, tó wárí fún ọmọdé, tó fi ẹ̀bùn sílẹ̀, òun gan-an ni ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Báwo ló ṣe wá mọ́ àwọn ará Jámánì lára tó bẹ́ẹ̀? Lọ́dún 1164, Rainald von Dassel, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Köln, tó tún jẹ́ igbákejì pàtàkì fún ọba ńlá Frederick Barbarossa, kó àwọn egungun kan láti Milan wá sí Köln. Àwọn èèyàn gbà pé egungun àwọn amòye náà ni. Barbarossa ló ṣẹ́gun Milan, ìkógun ogun ni. Wọ́n rọ àpótí oníwúrà fún un, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ tìrítìrí lọ síbẹ̀. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kò gba èrò mọ́, wọ́n fi ìpìlẹ̀ kàtídírà ńlá lélẹ̀ lọ́dún 1248. Ọdún 1880 ni wọ́n tó parí rẹ̀. Títí di òní, adé mẹ́ta ló wà lórí àmì ìlú Köln, wàá rí i níbi gbogbo. Ìlú tí mo ti lé ọba mẹ́ta kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi gan-an ni ìlú ọba mẹ́ta!

Ní àwọn ọgọ́rùn-ún ọdún náà, wọ́n máa ń ṣe eré àwọn amòye nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìfarahàn Olúwa: àwọn kan á wọ aṣọ ọba, wọn á tẹ̀ lé ìràwọ̀ dé iwájú pẹpẹ. Nígbà tó fi máa di ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, eré ti jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti bọ́ sí ìgboro. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tí kò lówó, àwọn ọmọ akọrin, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí òtútù kò jẹ́ kí wọ́n ríṣẹ́ ṣe, gbogbo wọn ló ń gbé ìràwọ̀ káàkiri, tí wọ́n ń kọrin kí wọ́n lè rí oúnjẹ àti owó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ebi wà nínú rẹ̀. Àwọn ìlú kan tilẹ̀ fòfin dè é, wọ́n ní agbe ṣíṣe ni. Nítorí náà, èrò tó wá sí mi lọ́kàn lẹ́yìn ilẹ̀kùn lọ́jọ́ yẹn, àwọn aláṣẹ ìlú ti rò ó ṣáájú mi.

Ọmọdé ran ọmọdé lọ́wọ́

Ta ló wá sọ agbe di àánú? Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ tó wà níwájú gbọ́. Ní ìlú Aachen, tí kò jìnnà sí Köln, ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Auguste von Sartorius. Dókítà ni bàbá rẹ̀. Lọ́dún 1846, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 15, ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí àwọn ọmọdé yóò ti máa dá owó kékeré jọ fún àwọn ọmọdé tí ìyà ń jẹ ní ilẹ̀ òkèèrè. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ẹgbẹ́ ọmọbìnrin yìí kò kú. Òun ló di Kindermissionswerk, tó ṣì wà ní Aachen títí dòní. Lọ́dún 1959, ẹgbẹ́ náà mú àṣà ìràwọ̀ tó ti ń kú lọ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, ó sọ ọ́ di iṣẹ́ gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Àgùdà dara pọ̀ mọ́ wọn lọ́dún 1961. Àwọn ará Ọ́stríà tilẹ̀ ti ṣáájú wọn nínú èyí. Àwọn ti ń ṣe tiwọn bọ̀ láti àárín àwọn ọdún 1950, alùpùpù fún iṣẹ́ ìhìnrere ní Uganda sì wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ dáwó fún.

Kí ni owó wẹ́wẹ́ inú agolo lè ṣe? Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Láti ọdún 1959 títí di ìsinsìnyí, owó tí àwọn ọmọdé Jámánì ti kó jọ lẹ́nu ilẹ̀kùn lé ní bílíọ̀nù kan yúrò. Mo tún un wí: bílíọ̀nù kan. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ohun tí wọ́n ń kó jọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lé ní 40 mílíọ̀nù yúrò. Ilé-ìwé, omi, ìtọ́jú aláìsàn, oúnjẹ fún ọmọ tí ogun lé kúrò nílé, ibẹ̀ ló ń lọ. Wọ́n máa ń yan ilẹ̀ kan tàbí méjì tí àwọn ọmọ yóò kọ́ nípa rẹ̀ kí wọ́n tó jáde. Lọ́dún 2025, agbègbè Turkana ní Kenya àti orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà ni. Ọmọ tó gbé agolo mọ ìdí tó fi gbé e. Bí ẹ bá bi í, yóò ṣàlàyé fún yín lórí ìdúró.

Ìjọba náà ò fojú kékeré wò wọ́n. Lọ́dọọdún, ní oṣù kìn-ín-ní, olórí ìjọba Jámánì máa ń gba Olórin Ìràwọ̀ 108 lálejò ní Berlin, mẹ́rin láti inú dáyọ́sìsì kọ̀ọ̀kan nínú dáyọ́sìsì Àgùdà 27 tó wà nílẹ̀ náà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ á dúró, á sì súre fún olórí ìjọba. Lọ́dún 2015 ni wọ́n kọ àṣà náà sínú ìwé àkọsílẹ̀ àjogúnbá Jámánì lábẹ́ UNESCO.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe rẹ̀ kó yé yín yékéyéké, torí ìdí kan wà tí mo fi ń ṣe é, ẹ ó rí i níkẹyìn.

Ẹ̀yìn Kérésìmesì ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù kìn-ín-ní ni wọ́n sì sábà máa ń parí. Wọ́n á kọ́kọ́ pé jọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, fádà á súre fún ṣọ́ọ̀kì, fún tùràrí àti fún àwọn ọmọ fúnra wọn, á rán wọn jáde. Ọmọ mẹ́ta sí márùn-ún ló ń wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin àti obìnrin, ẹnì kan tó dàgbà á sì máa tẹ̀ lé wọn. Ṣé ẹni tó dàgbà yìí ló ń sọ̀rọ̀? Ó tì o. Ẹ̀yìn ló máa ń dúró. Ọmọ ló ń tẹ aago. Ọmọ ló ń kọrin, ọmọ ló ń ka ewì kúkurú tó fi ń kí onílé, ọmọ ló ń kọ̀wé sí ẹnu ọ̀nà.

Kí ni wọ́n ń kọ? Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sójú pátákó yìí.

20 * C + M + B + …

Wọ́n á pín ọdún sí méjì, ìdajì kan níwájú, ìdajì kan lẹ́yìn. Ìràwọ̀ yẹn ni ìràwọ̀ Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Àgbélébùú mẹ́ta yẹn ni Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́. C, M, B ńkọ́? Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀, wọn á ní Caspar, Melchior, Balthasar ni. Kò burú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ìgboro ṣe ń kà á tipẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ni gbólóhùn èdè Látìn: Christus mansionem benedicat. Kí Kristi bùkún ilé yìí.

Àtẹ́rígbà ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí. Ẹ rántí ohun tí Ọlọ́run ní kí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì fi ẹ̀jẹ̀ kùn ní Íjíbítì: opó ilẹ̀kùn méjèèjì àti àtẹ́rígbà. Ọwọ́ ọmọdé kò sì tó àtẹ́rígbà! Nítorí náà, onílé á gbé àga wá. Mo ti rí bàbá kan tó gbé ọmọ tí kò mọ̀ rí sókè ní apá méjèèjì kí ó lè ráyè kọ ọ́. Ẹ̀yin ẹ mọ òwe náà: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Lẹ́nu ọ̀nà yẹn, mo fi ojú mi rí i.

Ìwé náà á wà níbẹ̀ jálẹ̀ ọdún. Wọn kì í nù ún. Òjò á máa pa á, á máa ṣí díẹ̀díẹ̀, títí àwọn ọmọ á fi padà wá. Nígbà àrùn kòrónà lọ́dún 2021, tí ẹnikẹ́ni kò lè kan ilẹ̀kùn ẹnìkejì, wọ́n tẹ ìbùkún náà sórí bébà alálẹ̀mọ́, wọ́n ń jù ú sínú àpótí lẹ́tà àwọn èèyàn. Onílé á lẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Mo mọ àwọn tí wọ́n sunkún nígbà tí wọ́n rí i.

Màmá àgbà kan wà ní àdúgbò wa, opó ni, àjà kẹrin ló ń gbé, ilé náà kò sì ní ẹ̀rọ agbéniròkè. Lọ́dún tí ọmọkùnrin mi gbé ìràwọ̀, èmi ni mo tẹ̀ lé ẹgbẹ́ wọn. A gun àtẹ̀gùn títí èémí fi ń gé wa. Ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ kí a tó débẹ̀. Màmá náà ti gbọ́ ẹsẹ̀ wọn láti ìsàlẹ̀. Ó ti to ọsàn wẹ́wẹ́ sórí àwo, ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú bisikíìtì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan. Àwọn ọmọ kọrin. Ó ní kí wọ́n tún un kọ. Wọ́n tún un kọ. Ọmọ mi gun orí àga, mo gbọ́ bí ṣọ́ọ̀kì ṣe ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lára igi, ẹfun rẹ̀ ń bọ́ sí irun rẹ̀. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, màmá náà tẹ orí ba níwájú rẹ̀. Obìnrin tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tẹ orí ba fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó ń retí kó gbé ọwọ́ lé òun. Ọmọ Yorùbá ni tèmi. Ó wojú mi, kò mọ ohun tí ì bá ṣe. Mo mi orí sí i. Ó gbé ọwọ́ náà lé e.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò lè sọ pé ọmọdé ò ní nǹkan tí yóò fún àgbà.

Ọ̀dà dúdú, àti àwọn èèyàn wa ní Havana

Mo gbọ́dọ̀ fi kinní kan kún un, torí òtítọ́ ni mo wá sọ. Lọ́dún yẹn kan náà, nígbà tí wọ́n ń pín aṣọ ọba ní gbọ̀ngàn ìjọ kan, mo rí ìgò ọ̀dà dúdú àti kànìnkànìn lórí tábìlì. Obìnrin kan ti ń fi kun ojú ọmọ aláwọ̀ funfun kan, kí ọmọ náà lè di ọba tó ti Áfíríkà wá. Ọmọ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń wò ó. Ó fà mí láṣọ. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé èmi ni wọ́n ń yà sí i lójú?"

Èdè Jámánì ló fi sọ ọ́. Obìnrin náà gbọ́, ọwọ́ rẹ̀ dúró gbagidi. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó mú aṣọ ìnujú tútù, ó nu ojú ọmọ náà mọ́ títí tó fi pọ́n. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mi ò rí ìgò yẹn mọ́.

Ibi rere ni nǹkan yìí ti ṣẹ̀ o. Ní apá ìparí sànmánì àárín, àwọn ayàwòrán Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọ̀kan nínú ọba mẹ́ta náà ní aláwọ̀ dúdú. Ilẹ̀ ńlá mẹ́ta ni wọ́n mọ̀ nígbà náà, Yúróòpù, Éṣíà àti Áfíríkà, wọ́n sì fẹ́ fi hàn pé gbogbo ayé ló wá wárí fún Jésù. Ọba ni wọ́n yà wá, wọn ò yà wá ní ẹrú. Ṣùgbọ́n àwòrán yàtọ̀ sí kí a fi ọ̀dà kun ojú ọmọ ẹlòmíràn níwájú ọmọ tó ni awọ náà. Kindermissionswerk fúnra rẹ̀ ti gba àwọn ìjọ nímọ̀ràn pé kí wọ́n dẹ̀yìn lẹ́yìn ọ̀dà, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá pẹ̀lú awọ ara rẹ̀. Mo dúpẹ́ fún èyí.

Nígbà tí mo ń ronú lórí ìgò yẹn, ìtàn kan tí gbogbo ọmọ Yorùbá yẹ kó mọ̀ wá sí mi lọ́kàn. Ẹ rékọjá òkun pẹ̀lú mi lọ sí Havana ní Kúbà, ní ayé oko ẹrú. Níbẹ̀, Lucumí ni wọ́n ń pe àwọn èèyàn wa. Ọjọ́ kẹfà oṣù kìn-ín-ní, ọjọ́ àwọn ọba, ni ọjọ́ tí wọ́n máa ń fún àwọn ẹrú ní ìsinmi. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan á jáde pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìlù rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ ijó rẹ̀. Wọ́n á jó lọ sí ààfin gómìnà Sípéènì, wọ́n á gba ìgboro kọjá, wọ́n á máa gba owó ọdún lọ́wọ́ àwọn olówó. Àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ló sì máa ń dáwó ra òmìnira fún ọmọ ẹgbẹ́ wọn. Ní àwọn ọdún 1880 ni ìjọba fòfin de ìjáde náà. Lọ́dún 1886 ni oko ẹrú fúnra rẹ̀ tó dópin ní Kúbà.

Àgbà ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọmọdé, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ọjọ́ kan náà, ọba mẹ́ta kan náà, owó tí a gbà ní ìgboro tí a fi gba ẹlòmíràn sílẹ̀. Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún ọmọ mi, ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní òun yóò tún gbé ìràwọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ní àdúgbò tiwa

Lọ́dún tó kọjá, a dán an wò díẹ̀ ní òpópónà wa níbí. Ọmọ méje. A ò pariwo rẹ̀. Gẹ́ètì ilé pọ̀, ajá pọ̀, a sì ní láti máa pe onílé lórí fóònù ṣáájú. Ilé mọ́kànlá la dé. Ní ilé kan, Alájà kan ló jáde. Àwọn ọmọ fẹ́ yí padà, ó ní kí wọ́n má lọ. Ó ní òun mọ ìtàn Ànábì Ísá, kí wọ́n kọ orin wọn kí òun gbọ́. Wọn ò kọ nǹkan sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, a ò sì bèèrè. Ó fi owó sínú agolo, ó di ọsàn fún wọn. Ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí tó wà nítòsí wa ni owó náà lọ, àwọn ọmọ méjèèje ló sì gbé e débẹ̀ fúnra wọn. Ọmọdé níwájú ọmọdé. Ojú ń ti tọ̀tún tòsì ní ìbẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí bọ́ọ̀lù fi jáde.

Ìrẹsì Kérésìmesì kò ní parẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ, ẹ fọkàn balẹ̀. Àwa òbí ni mo ń bá sọ̀rọ̀. A máa ń ní kí ọmọ na ọwọ́ gbà. Ẹ jẹ́ ká jẹ́ kó tún na ọwọ́ fúnni, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ wúre fún ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ìwé tí ẹ ó fi orúkọ ọmọ sí wà lórí tábìlì lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Àgbà kan fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹnu rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣáájú ti ọmọ. Adé ti wà nílẹ̀, páálí la fi ṣe é. Ìràwọ̀ tó fara ti ògiri yẹn, ọmọkùnrin mi ló kàn án. Ó ti ga jù mí lọ báyìí. Ṣọ́ọ̀kì méjìlá ló wà nínú àpò mi yìí. Fádà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bọ́ síwájú. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ dìde, ẹ na ọwọ́ yín sí i pẹ̀lú fádà.